Bó háhá kúrò lára dátà rẹ kó o tó dì í

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹgbẹ́ alágbàdo kan ní kí n ṣe áàpù tí àwọn tó ń bá wọn ra àgbàdo kiri yóò máa fi kọ ohun tí wọ́n rà sórí fóònù: ìwọ̀n rẹ̀, iye rẹ̀, ẹni tó tà á, ibi tí wọ́n ti rà á. Tó bá di alẹ́, fóònù á kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí sáfà tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). JSON ni mo lò, ìyẹn ọ̀nà tí à ń gbà kọ dátà bí ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà. Bí àkọsílẹ̀ bá ti tó 400, fáìlì á wúwo, mẹ́gà tí a rà sórí fóònù á jó, bí rẹ́sò (nẹ́tíwọ́ọ̀kì) bá sì já ní Idigny tàbí Adakplamè, à ń tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ju JSON nù, kí n lo Protocol Buffers, tó ń kọ dátà ní báìtì dípò lẹ́tà. Ṣé òótọ́ ló sọ? Àkọsílẹ̀ kan rèé kẹ́ ẹ bá mi wò ó.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìforítì. Ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́, àmọ́ ibi tó yẹ kó parí ọ̀rọ̀ sí ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń di àgbàdo tòun ti háhá, kó wá máa kiri ọjà wá àpò tó tóbi jù. Háhá là ń kọ́kọ́ bó, a ó yín in, ìgbà yẹn la tó ń sọ̀rọ̀ àpò. Nínú àkọsílẹ̀ tó o fi ránṣẹ́, háhá pọ̀ ju hóró lọ. Wò ó bó ṣe rí nígbà tí a bá yọ gbogbo àlàfo inú rẹ̀ (mo fi X bo nọ́ńbà fóònù àgbẹ̀ náà, mo sì pín in sí ìlà kó lè ṣeé kà níbí):

```
{"identifiant_transaction":"7d3c1b52-9e0f-4c1a-8b7e-2f6a90d4e113",
"telephone_producteur":"+22901XXXXXXXX","arrondissement":"Idigny",
"produit":"mais","poids_kg":"84.50","prix_unitaire":"250.00",
"montant_total":"21125.00","date_heure":"2025-03-15T08:30:00.000Z",
"latitude":7.363210201263428,"longitude":2.599830150604248,
"photo":null,"remarque":""}
```

Báìtì 346 nìyẹn. Bí áàpù rẹ ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ó ń bọ́ sí ìlà tuntun ní àyè kọ̀ọ̀kan (àyè kan ni orúkọ kan àti ohun tó tẹ̀ lé e, bíi `"produit":"mais"`), ó sì ń fi àlàfo síwájú ìlà kí ojú lè rí i kà dáadáa. Ìyẹn nìkan fi báìtì 78 lé e, ó di 424. Tí irú rẹ̀ 400 bá pé, ó di bíi 170 kílóbáìtì. Sáfà kò ní ojú, kò nílò àlàfo kankan. Pa ìkọ ẹlẹ́wà yẹn, o ti dín nǹkan bí 31 kílóbáìtì kù láìṣe wàhálà mìíràn.

Kó o tó kúrò níbẹ̀, wo bí lẹ́tà wa ṣe ń jáde. Bó o bá fi Python kọ ọ́, `json.dumps` máa ń sọ gbogbo lẹ́tà tí kò sí nínú ASCII (lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán, òǹkà àti àmì díẹ̀) di `\u` pẹ̀lú àmì 4, ìyẹn báìtì 6 fún lẹ́tà kan. `json_encode` ti PHP ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Orúkọ Àjàṣẹ́ jẹ́ báìtì 13 ní UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà kọ lẹ́tà gbogbo èdè. Bí o bá fi `json.dumps` sílẹ̀ bó ṣe wà, ó di 31. Nínú Python, kọ `ensure_ascii=False` àti `separators=(',', ':')`; nínú PHP, `JSON_UNESCAPED_UNICODE` ni. Bí ẹgbẹ́ náà bá ń fi álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin kọ orúkọ, ɛ àti ɔ jẹ́ báìtì 2 péré, nígbà tí ẹ àti ọ jẹ́ 3, nítorí náà Àjàshɛ́ jẹ́ báìtì 11. Mi ò sọ ọ́ kó o lè torí báìtì 2 yí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ padà. Má ṣe yọ àmì ohùn lórí orúkọ ènìyàn rárá. Ibòmíràn la ti máa rí ohun tá à ń wá. Ohun tó yẹ kó o ṣe ni pé kó o sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC (ìlànà tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ di ẹyọ kan níbi tó bá ṣeé ṣe) kó o tó fi pamọ́. Lẹ́tà à tí a kọ bí ẹyọ kan jẹ́ báìtì 2. Tí a bá kọ a, tí a wá fi àmì ohùn lé e lọ́tọ̀, ó di 3. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mọ̀ wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì, orúkọ àgbẹ̀ kan ṣoṣo á sì di ti ẹni méjì nínú ìwé yín. Ìyẹn burú ju ọ̀rọ̀ ìwọ̀n lọ.

Ibi tí ẹrù wà gan-an la dé yìí: orúkọ àwọn àyè. Tí o bá ka `"identifiant_transaction":`, `"telephone_producteur":` àti àwọn tó kù pọ̀, pẹ̀lú àmì tó yí wọn ká, báìtì 174 ni nínú 346. Ó lé ní ìdajì. Ohun kan náà lò ń sọ fún sáfà ní ìgbà 400 lálẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ sáfà ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn kan á ní kó o gé orúkọ kúrú, kí `telephone_producteur` di `t`. Ó ń dín in kù lóòótọ́, àmọ́ kóòdù tí ẹnikẹ́ni kò ní lè kà lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó dáa jù ni kó o dárúkọ àwọn àyè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lókè, kí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ ìlà tó tẹ̀ lé ètò yẹn:

```
{"v":2,"foonu":"7d3c1b52-9e0f-4c1a-8b7e-2f6a90d4e113",
"aye":["no","tel","ibi","oja","iwon","iye","akoko","lat","lon"],
"ila":[[127,22901XXXXXXXX,2,1,8450,250,1742027400,736321,259983], ...]}
```

Ewu inú rẹ̀ ni pé ipò ló ń sọ ohun tí nọ́ńbà jẹ́. Bí ẹnì kan bá fi àyè tuntun há àárín, ìwọ̀n á di iye, iye á di àkókò, kò sì sí àṣìṣe kankan tí yóò hàn lójú, torí nọ́ńbà ni gbogbo wọn. Ìparí ni kó o máa fi àyè tuntun sí nígbà gbogbo, kí nọ́ńbà `v`, tó ń sọ ẹ̀dà ètò náà, sì yí padà nígbàkúùgbà tí ètò bá yí padà. Sáfà tí kò bá mọ `v` tó rí gbọ́dọ̀ dá ìdì náà (gbogbo àkọsílẹ̀ tó jọ wá pọ̀) padà. Kò gbọ́dọ̀ méfò.

Wàá rí i pé ohun tó wà nínú ìlà náà ti yí padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

Owó. O kọ `"250.00"` bí ọ̀rọ̀, pẹ̀lú pọ́ìntì. Owó CFA kò ní sẹ́ńtíìmù tí a ń ná. Nínú ìlànà ISO 4217, òǹkà tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì fún XOF, ìyẹn owó CFA tiwa, jẹ́ 0. Nítorí náà 250 lásán ni, nọ́ńbà odidi. Má fi owó sínú nọ́ńbà alápọ́ìntì oníbáìtì 8: ó wúwo, ó sì lè ṣe ọ́ ní jàǹbá nígbà tó o bá ń ro ó pọ̀. `montant_total` kò sí mọ́, nítorí 84.50 nígbà 250 ni 21125, sáfà sì mọ ìsodipúpọ̀. Àmọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń rajà ná o. Bí wọ́n bá máa ń fi owó kún un tàbí yọ díẹ̀ kó lè bá ẹyọ owó tó wà lọ́wọ́ mu, iye tí wọ́n san gan-an kì í ṣe iye ìṣirò, o sì gbọ́dọ̀ fi àyè náà sílẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣírò padà láìyẹ̀ nìkan la lè yọ.

Ìwọ̀n. 84.50 kílò di 8450, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kílò. Kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé kóòdù pé 100 ni wọ́n máa fi pín in, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ á rí àpò àgbàdo kan tó wọn 8450 kílò.

Ibi lórí ilẹ̀. 7.363210201263428 ń fi òǹkà 15 lẹ́yìn pọ́ìntì sọ ibi tí ọkùnrin kan dúró sí lábẹ́ igi. Ìpele kan ti àríwá sí gúúsù jẹ́ bíi 111 kílómítà, nítorí náà òǹkà 5 lẹ́yìn pọ́ìntì ti dé bíi mítà 1. GPS fóònù fúnra rẹ̀ sábà máa ń ṣìnà tó bíi mítà 5 ní gbangba tí ohunkóhun kò bò. Sọ ọ́ di ìlọ́po 100 000, kó o ṣe é ní odidi: 736321 àti 259983. Òǹkà 6 dípò àmì 17.

Àkókò. Àmì 24 àti àmì ọ̀rọ̀ méjì ló wà ní `"2025-03-15T08:30:00.000Z"`. Ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970 ní UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé) ni 1742027400, òǹkà 10. Rántí pé aago Benin fi wákàtí 1 ṣáájú UTC, aago 9:30 àárọ̀ ni wọ́n ra àgbàdo yẹn ní Kétu. Ojú fóònù ni kó o ti fi wákàtí yẹn kún un. Má fi kún un nínú dátà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fi kún un lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ńbà fóònù. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Benin ti di òǹkà 10, 01 sì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Bó o bá sọ 01XXXXXXXX di nọ́ńbà odidi, òdo iwájú á sọ nù, kò sì ní padà. Tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú 229 níwájú, láìsí àmì àròpọ̀: òǹkà 13 ni, kò sí òdo níbẹ̀rẹ̀, ó sì kéré gan-an sí 9007199254740991 tí JavaScript lè gbé láìṣìṣe. Nọ́ńbà oníkà 8 tó bá ṣì wà nínú fóònù àtijọ́, fi 01 síwájú rẹ̀ kó o tó dì í.

Arrondissement, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀. Kétu ní 6: Kétou fúnra rẹ̀, Idigny, Adakplamè, Kpankou, Odométa àti Okpométa. Kò yẹ kí ohun tó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà gba àmì 5 títí dé 9. Fún wọn ní nọ́ńbà 1 sí 6, kí 0 dúró fún «a kò mọ̀», má sì gba nọ́ńbà kan lọ́wọ́ ibì kan fún ibòmíràn láéláé.

`photo` àti `remarque` tó ṣófo ń jẹ báìtì 26 láti sọ pé kò sí nǹkan kan. Ohun tí kò sí, má kọ ọ́.

Ó ku `identifiant_transaction`, òun ló le jù nínú gbogbo wọn. UUID ni, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò yẹ kó jọ òmíràn níbikíbi. Ó jẹ́ àmì 36, bíìtì 122 inú rẹ̀ (bíìtì 8 ló ń di báìtì kan) ni wọ́n kàn ṣà bí ẹní ta ayò. Kò sí àpẹẹrẹ kankan nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ lè dì mú, nítorí náà ohunkóhun tó o bá ṣe, kò lè kéré sí bíi báìtì 15. Nígbà 400, báìtì 6 000 tí kò ní lọ níbì kankan nìyẹn. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí fóònù ní UUID kan ṣoṣo lókè ìdì, kí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá ní nọ́ńbà tó tẹ̀ léra: 127, 128, 129. Àwọn méjèèjì pọ̀ ló ń dá àkọsílẹ̀ mọ̀ kárí ayé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa áàpù rẹ́ tí wọ́n sì tún un gbé sórí fóònù, òǹkà á tún bẹ̀rẹ̀ láti 1, àkọsílẹ̀ tuntun á sì dà bí èyí tó ti wà. Ìdí nìyẹn tí UUID fóònù fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé áàpù náà sórí fóònù.

Ní báyìí, ka ìlà tó wà lókè yẹn. Báìtì 57. Láti 346 sí 57, JSON la ṣì ń kọ síbẹ̀. Àkọsílẹ̀ 400 di bíi 23 kílóbáìtì, o sì ṣì lè fi ojú lásán kà á nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lóru. Èyí ni mo fẹ́ kó o mú dání kó o tó gbọ́ nípa Protocol Buffers, torí bó o bá ti kó àkọsílẹ̀ rẹ ti tẹ́lẹ̀ wọ inú rẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú owó tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti UUID alámì 36, díẹ̀ nínú èrè náà lo máa rí.

Ó wá kù báyìí kí á sọ̀rọ̀ àpò. Google ló ṣe Protocol Buffers, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2008. Orúkọ àyè kì í wọ inú dátà rẹ̀ rárá, nọ́ńbà àyè nìkan ni, inú fáìlì `.proto` tí fóònù àti sáfà jọ ní ni orúkọ wà. Tìrẹ á rí báyìí:

```
syntax = "proto3";

message Akosile {
  uint32 nomba = 1;
  uint64 telifoonu = 2;
  uint32 ibi = 3;
  uint32 oja = 4;
  sint32 iwon = 5;
  uint32 iye = 6;
  fixed32 akoko = 7;
  sint32 lat = 8;
  sint32 lon = 9;
}

message Idi {
  bytes foonu = 1;
  repeated Akosile akosile = 2;
}
```

Nọ́ńbà kékeré ń gba àyè kékeré níbẹ̀. Báìtì kọ̀ọ̀kan ń gbé bíìtì 7 nọ́ńbà náà, bíìtì ìkẹjọ sì ń sọ bóyá báìtì mìíràn ṣì ń bọ̀. Nítorí náà 0 sí 127 jẹ́ báìtì 1, ó dé 16383 ní báìtì 2. 250 gba 2, 8450 gba 3 nítorí `sint32` tí mo fi sí i ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nọ́ńbà fóònù tòun ti 229 gba 6. Nọ́ńbà àyè 1 sí 15 ń gba báìtì 1, láti 16 lọ sókè ó di 2, nítorí náà àwọn àyè tó ń wà nínú gbogbo àkọsílẹ̀ ni kó o fún ní nọ́ńbà kékeré. Mo fi `fixed32` sí àkókò nítorí nọ́ńbà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ á gba báìtì 5 lọ́nà ti àwọn yòókù, `fixed32` sì jẹ́ 4 nígbà gbogbo. Tí o bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àkọsílẹ̀ kan jẹ́ báìtì 33, pẹ̀lú 2 tó ń dè é mọ́ ìdì, 35. Irú rẹ̀ 400 jẹ́ 14 kílóbáìtì.

Kíyè sí `sint32` tí mo lò fún `iwon`, `lat` àti `lon`. Kétu wà ní àríwá ìlà ìdajì ayé àti ní ìlà-oòrùn Greenwich, nọ́ńbà rẹ̀ méjèèjì lé ní òdo, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá fẹ́ kọ ìwọ̀n tí wọ́n dá padà, bíi −5. Nínú `int32`, nọ́ńbà tó bá ti kéré sí òdo ń gba báìtì 10 gbáko, bó ti wù kó kéré tó. Nínú `sint32`, −5 jẹ́ báìtì 1. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe kàyéfì pé Protocol Buffers àwọn kò fúyẹ́, ibẹ̀ ni ẹrù sá pamọ́ sí.

Ìdẹkùn kejì: proto3 kì í fi 0 ránṣẹ́. Bí iye bá jẹ́ 0, sáfà kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀bùn ni àgbàdo náà àbí ẹni tó ń kọ ọ́ gbàgbé. Níbi tí ìyàtọ̀ yìí bá ti ṣe pàtàkì, kọ `optional` síwájú àyè náà. Ìkẹta, tó lè ba ìwé ẹgbẹ́ jẹ́ pátápátá: bí o bá yọ àyè 4, má fún àyè mìíràn ní nọ́ńbà 4 mọ́ láé. Kọ `reserved 4;` kí ẹ̀rọ lè dá ẹnikẹ́ni tó bá gbìyànjú rẹ̀ dúró. Fóònù kan á ṣì wà ní Odométa tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ áàpù rẹ̀ di tuntun, á ṣì máa fi ọjà sí àyè 4, sáfà á sì kà á bí ohun mìíràn.

Bí o bá fẹ́ ohun tó wà láàárín méjèèjì, CBOR àti MessagePack ń kọ JSON ní báìtì dípò lẹ́tà, kò sì béèrè fáìlì `.proto`. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gbé orúkọ àyè kiri bí o bá fi orúkọ sí i, nítorí náà ètò onílà tó wà lókè yẹn ni kó o lò pẹ̀lú wọn. Ohun tí mi ò ní gbà ọ́ níyànjú rárá ni `ObjectOutputStream` ti Java, `pickle` ti Python tàbí `serialize` ti PHP láàárín fóònù àti sáfà. Yàtọ̀ sí pé Java ń kọ orúkọ kíláàsì gígùn sínú dátà, ẹni tó bá fi ìdì tí wọ́n dá ọgbọ́n sí ránṣẹ́ lè mú kí sáfà rẹ ṣe ohun tí o kò rán an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fífún un pọ̀. gzip, irinṣẹ́ ìfúnpọ̀ kan, ń wá ọ̀rọ̀ tó ti kọjá nínú báìtì 32 768 tó ṣáájú, ó sì ń fi ìtọ́kasí kúkúrú rọ́pò rẹ̀. Nítorí ìdí yìí, JSON rẹ ti àkọ́kọ́ á fúyẹ́ gan-an bí o bá fi gzip fún un, torí orúkọ àyè tó ń tún ara rẹ̀ sọ ni gzip fẹ́ràn jù. Bí o bá ní ọjọ́ kan péré láti fi ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, gzip ni kó o ṣe. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ń tan ènìyàn: ìdáhùn sáfà sí fóònù ni ọ̀pọ̀ sáfà ń fún pọ̀. Ìdì tó ń ti ọ̀dọ̀ fóònù bọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa fún un, kó o kọ `Content-Encoding: gzip` sí i, kó o sì rí i dájú pé sáfà mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. nginx, ètò tó ń dúró níwájú ọ̀pọ̀ sáfà, kì í tú ohun tí oníbàárà fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. `body-parser` ti Express, ètò tí wọ́n fi ń kọ sáfà ní JavaScript, ń tú u. Bí o kò bá yẹ ibẹ̀ wò, sáfà á gba báìtì tí kò yé e, á sì ní JSON rẹ bàjẹ́. Fi ààlà sí bí ohun tó tú jáde ṣe lè tóbi tó pẹ̀lú, kí ẹnì kan má fi ìdì kékeré tó ń wú di gígábáìtì kún ìrántí sáfà.

Bí o bá tún ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dátà pa kó tó kúrò lórí fóònù, fífún pọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Dátà tí a ti tì pa rí bíi UUID: kò ní àpẹẹrẹ, gzip kò lè rí nǹkan kan dì mú.

Má sì fún ohun kékeré pọ̀. Orí àti ìdí gzip nìkan jẹ́ báìtì 18. Àkọsílẹ̀ oníbáìtì 35 kan tí o bá fi gzip dì lọ́tọ̀, wíwú ló máa wú. Bó bá pọn dandan kó o máa fi wọ́n ránṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan, Zstandard, tí Facebook gbé jáde ní 2016, lè kọ́ ìwé atúmọ̀ láti ara àpẹẹrẹ: `zstd --train apeere/* -o agbado.dict`. Fóònù àti sáfà gbọ́dọ̀ ní ìwé kan náà, àpẹẹrẹ sì gbọ́dọ̀ pọ̀ tó; bíi ìlọ́po 100 ìwọ̀n ìwé náà ni àwọn tó ṣe é dámọ̀ràn. Fún tìrẹ, tó ń lọ lápapọ̀ lálẹ́, mi ò rò pé o nílò rẹ̀.

Fọ́tò ńkọ́? Àyè `photo` wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ, nítorí náà ọjọ́ kan ẹnì kan á fi nǹkan sí i. Base64, ọ̀nà tí à ń gbà sọ fọ́tò di lẹ́tà kó lè wọ inú JSON, ń sọ báìtì 3 di àmì 4, fọ́tò 3 mẹ́gàbáìtì á di 4, ìyẹn á sì wúwo ju gbogbo àkọsílẹ̀ 400 rẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20. JPEG sì ti fún ara rẹ̀ pọ̀, gzip kò ní rí nǹkan kan yọ níbẹ̀ ju ohun tí Base64 fi kún un. Fọ́tò ní ọ̀nà tirẹ̀: dín in kù sí bíi 1280 píksẹ́lì lórí fóònù, fi í ránṣẹ́ lọ́tọ̀ bí báìtì lásán nígbà tí Wi-Fi bá wà, kí àkọsílẹ̀ mú nọ́ńbà rẹ̀ nìkan dání.

Mo wá dé ibi tó dùn ọ́ jù nínú lẹ́tà rẹ, rẹ́sò tó ń já. Dídín ìwọ̀n kù kò wo ìyẹn sàn tán. Ìdì 14 kílóbáìtì tó já ní ìparí, tí o wá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lápapọ̀, ó ti di 42 lórí mẹ́gà àwọn ènìyàn yẹn. Má fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, nítorí ìbéèrè HTTP kọ̀ọ̀kan ń gbé báìtì tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún lórí, ìkíni TLS (tó ń ti ọ̀nà pa kí ẹlòmíràn má bàa ka dátà) sì ń jẹ kílóbáìtì mélòó kan nígbàkúùgbà tí asopọ̀ tuntun bá ṣí. Pín in sí 50, 50. Ìdì oní-50 jẹ́ bíi báìtì 1 750 kó o tó fún un pọ̀. Kí sáfà dáhùn pé «mo ti gba 101 dé 150», kí fóònù sàmì sí wọn, kó tẹ̀ síwájú láti 151. Bí ìdáhùn náà bá sọnù lójú ọ̀nà, fóònù á tún fi ìdì kan náà ránṣẹ́, nítorí náà sáfà gbọ́dọ̀ wo UUID fóònù àti nọ́ńbà àkọsílẹ̀, kó má kọ ohun tó ti ní lẹ́ẹ̀kejì. Owó àgbẹ̀ ni. Àpò kan tí a kà lẹ́ẹ̀mejì á dá ìjà sílẹ̀ tí kò sí ẹni tó máa gbà pé áàpù ló fà á.

Bí o bá fẹ́ wọn gbogbo èyí, dátà ọjọ́ kan tó jẹ́ òótọ́ ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Bó o bá da àkọsílẹ̀ kan náà kọ ní ìgbà 400, gzip á sọ ọ́ di ẹ̀yẹ ìyanu tí kò ní tún ṣẹlẹ̀ mọ́ lọ́jà. `wc -c ojo.json` (tó ń ka báìtì) lákọ̀ọ́kọ́, `gzip -9 -c ojo.json | wc -c` tẹ̀ lé e, kó o ṣe ohun kan náà fún ètò onílà àti fún `.proto`, kó o kọ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti fi gzip sí gbogbo wọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ètò onílà àti Protocol Buffers á ti dín kù sí ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ lálẹ́ kan, dúró sórí JSON onílà, ó rọrùn fún ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹgbẹ́ náà bá ń dàgbà, tí àkọsílẹ̀ ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tàbí tí ju ènìyàn kan lọ bá ń kọ kóòdù náà, lọ sí Protocol Buffers, nítorí pé `.proto` ń fipá mú gbogbo yín láti fẹnu kò lórí ohun tí àyè kọ̀ọ̀kan jẹ́, mo sì ka ìyẹn sí ju báìtì 22 tó ń gé kúrò lọ.

Kó o tó gbé e fún àwọn tó ń lò ó, di àkọsílẹ̀, tú u, fi èyí tó o tú wé èyí tó o dì, àyè sí àyè. Fi àwọn tó le sínú ìdánwò náà: iye 0, ìwọ̀n −5, orúkọ tó kún fún àmì ohùn, nọ́ńbà fóònù oníkà 8 ti àtijọ́. Jẹ́ kí sáfà máa gba ètò àtijọ́ àti tuntun pọ̀, kí ó máa kọ ọjọ́ tí fóònù kọ̀ọ̀kan lo ti àtijọ́ kẹ́yìn sílẹ̀, kó o má sì pa ti àtijọ́ títí fóònù tó kẹ́yìn á fi kúrò lórí rẹ̀.